MEA dì nínú àgbá, fáàfù rẹ̀ sì di búlúù: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbá MEA (monoethanolamine, kẹ́míkà olómi kan) wà ní ilé ìkẹ́rù wa. Òtútù mú lóru, nígbà tó fi máa di àárọ̀, ó ti dì gbagidi, pọ́ọ̀ǹpù ò rí i fà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá. Bó bá ti tutù tó nǹkan bíi 10 °C, ó máa dì ni. Ẹ gbé àgbá náà sí yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì ní sùúrù títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́. Ẹ má dáná sí i lábẹ́ o, torí òòru rẹ̀ lè gbiná tó bá ti gbóná tó nǹkan bíi 85 °C. Bí òtútù bá wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ yín, èyí tí wọ́n ti fi omi 15% lú ni kí ẹ máa rà. Ìyẹn kì í tètè dì.

Ìbéèrè: Nǹkan funfun gbẹ mọ́ ẹnu ìdérí, èyí tó wà nínú sì ti ń di yẹ́lò.

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ń wọlé sí i nìyẹn. Carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ló gbé mì tó fi di funfun yẹn. Ohun kan náà ni wọ́n torí ẹ̀ ń rà á nílé iṣẹ́ gáàsì: láti ìgbà tí R. R. Bottoms ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lé ọgbọ́n náà lọ́dún 1930 ni wọ́n ti ń fi MEA àti omi fọ carbon dioxide àti hydrogen sulphide kúrò lára gáàsì, tí wọ́n á sì sè é ní nǹkan bíi 120 °C kó lè pọ̀ ọ́ padà. Tiyín kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ò rán an ni. Oxygen ló sọ ọ́ di yẹ́lò. Kò dí ẹni tó ń fọ gáàsì lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó fẹ́ fi ṣe aró irun ò ní gbà á. Ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì fi gáàsì nitrogen bo ojú rẹ̀.

Ìbéèrè: Fáàfù idẹ tí a so mọ́ ọn ńkọ́? Ó ti di búlúù, ó sì ń jò.

Ìdáhùn: Èyí gan-an ló kọ mí lóminú jù. MEA ń jẹ bàbà inú idẹ ni. Bàbà tó ti yòrò ló di búlúù yẹn, ó sì ti wọ inú ọjà yín. Ẹ yọ fáàfù náà lónìí, kí ẹ fi ti irin tí kì í dípẹtà rọ́pò rẹ̀. Ẹ má lo alumíníọ́ọ̀mù, ẹ má lo páìpù tí wọ́n fi síńkì bò. Ẹ yẹ rọ́bà inú fáàfù náà wò pẹ̀lú: Viton tí ọ̀pọ̀ èèyàn fọkàn tán máa ń wú nínú MEA. Rọ́bà EPDM ni kí ẹ lò.

Ìbéèrè: MEA náà ta sí ọmọ iṣẹ́ wa lára nígbà tó ń tú fáàfù yẹn.

Ìdáhùn: Kó bọ́ aṣọ yẹn kíá, kó sì fi omi ṣan ara. Bó bá kan ojú, kó la ìpéǹpéjú kí omi máa ṣàn wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kó lọ rí dókítà, kódà bí kò bá dùn ún mọ́. Ó ń jó ara bí ọṣẹ líle, ó sì lè fọ́ ojú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà butyl àti awò tó bo ojú yíká kì í ṣe fáàrí. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, 3 ppm (ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mílíọ̀nù kan) ni òfin fàyè gbà nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ; tí òórùn bí amóníà bá ti ń ta yín nímú, ẹ ṣí fèrèsé.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi búlíìsì fọ èyí tó dà sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ó tì o! Gáàsì olóró lè jáde níbẹ̀. Ásíìdì líle náà ò dáa, ó máa hó gbùùgbùù. Ẹ da iyanrìn lé e, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ wá fi omi fọ ilẹ̀. Ẹ má lo lẹ́búlẹ́bú igi tó ń jáde lẹ́nu ayùn o, torí ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó sì gbiná.