Bí mo ṣe ń fi àmì sí ìwé àdìrẹ Màámi nínú Emacs

Àdìrẹ ni Màámi ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, èmi sì ni akọ̀wé wọn. Tẹ́lẹ̀, ìwé ńlá mẹ́ta la ń kọ nǹkan sí: ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún ìwọ̀n aró, ọ̀kan fún gbèsè. Ọjọ́ tí òjò rin ìwé gbèsè gbindingbindin ni mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, adire.org, tí mo ń fi Emacs, ètò ìkọ̀wé kan lórí kọ̀ǹpútà, ṣí. Org, ẹ̀yà Emacs tó wà fún títo ìwé, tí Carsten Dominik bẹ̀rẹ̀ ní 2003, tó sì ti ń bá Emacs wá fúnra rẹ̀ báyìí, ló ń jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ sábẹ́ àkọlé. Ìràwọ̀ kan ló ń wà níwájú àkọlé ńlá, méjì níwájú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, mẹ́ta níwájú ọmọ-ọmọ:

* Oníbàárà
** Ìbàdàn
*** Aṣọ ẹbí, yáàdì 60, ẹlẹ́kọ
* Aró
** Aró dúdú

Bí ẹ bá tẹ Tab lórí àkọlé, á ká bí aṣọ. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, á tú. Shift àti Tab pọ̀ ń ká gbogbo fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé yìí ti kọjá ìlà 3,000. Bí oníbàárà bá wá pe Màámi láti Ìbàdàn pé, "Ìyá, aṣọ ẹbí tí ẹ ṣe fún wa lọ́jọ́sí, irú ẹ̀ gan-an la tún fẹ́," ìgbà yẹn kọ́ ni mo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú àkọlé kiri. Ohun tó ń gbà mí ni àmì, èyí tí Emacs ń pè ní bookmark, tó ń gbé mi lọ tààrà síbi tí mo bá fi í sí.

Kí ẹ tó fi àmì kankan sí ibì kankan, ẹ ṣe èyí ná. Ẹ ṣí init.el, fáìlì tí Emacs máa ń kà nígbà tó bá ń ṣí, tó wà nínú àpò ~/.emacs.d, kí ẹ kọ ìlà yìí sí i:

(setq bookmark-save-flag 1)

Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fi Emacs sílẹ̀ bó ṣe wà, ìgbà tí ẹ bá tì í pa ló tó ń kọ àwọn àmì yín pamọ́. Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù mi ò sì lè dá dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ lójijì. Ọ̀rọ̀ inú ìwé wà níbẹ̀ torí pé mo ti ń tọ́jú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àmì mọ́kànlá tí mo fi àárọ̀ odindi ṣe ló bá iná lọ. Ó dùn mí gan-an. Ìlà yẹn ló ń mú kí Emacs tọ́jú àmì kọ̀ọ̀kan ní kété tí ẹ bá ti ṣe é.

Ó yá, ẹ gbé kọ́sọ̀ (àmì kékeré tó ń fi ibi tí ẹ ń kọ̀wé hàn) sórí àkọlé tí ẹ fẹ́. Ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ x, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ r, lẹ́yìn náà m. Ó máa bi yín ní orúkọ. Ẹ má ṣe kàn tẹ Enter o! Orúkọ fáìlì ló máa fún un nígbà yẹn, bí ẹ bá sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, àmì kejì á pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ láìbi yín léèrè. Bí mo ṣe pàdánù ojú ibi tí ìwọ̀n sóòdà wà nìyẹn. Bí ẹ bá fi M ńlá rọ́pò m kékeré, kò ní pa ti àtijọ́ rẹ́.

Orúkọ ni mo máa ń rò jù. Ohun tí ẹnu ilé yín ń pe nǹkan náà ni kí ẹ fi sọ ọ́. Màámi ò lè sọ pé, "Bá mi wo ìwọ̀n èlò kejì." "Aró dúdú yẹn ńkọ́?" ni wọ́n máa sọ, nítorí náà aro-dudu ni mo kọ. Mi ò fi àmì ohùn sí i, torí kí ọwọ́ mi lè yá. Irú nǹkan tó jẹ́ ni mo fi ń ṣíwájú orúkọ: aro-dudu, aro-pupa, awose-ibadandun, awose-olokun, onibara-ibadan. A, b, d ni Emacs fi ń tò wọ́n, nítorí náà gbogbo aró á dúró sójú kan, gbogbo àwòṣe náà á dúró sójú kan.

Láti lọ síbẹ̀, Ctrl-x, r, b. Ẹ kọ aro, ẹ tẹ Tab kó kó gbogbo aró jáde, ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́. Bí àkọlé náà bá tilẹ̀ wà ní kíká, Org á tú u fún yín.

Ctrl-x, r, l ló ń kó gbogbo àmì jáde. Alẹ́ Sátidé ni mo máa ń jókòó tì í. Enter ń gbé yín lọ síbẹ̀, r ń yí orúkọ padà, d ń sàmì sí èyí tó máa kúrò, x ló sì ń yọ ọ́ dànù. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni e, tó ń jẹ́ kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mọ́ àmì lára. Mo kọ "wọn kò fẹ́ kó ṣú jù" mọ́ onibara-ibadan. Nígbàkigbà tí mo bá lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó dáhùn lórí fóònù.

Ohun tí àmì ń rántí ni ibi tí kọ́sọ̀ wà, pẹ̀lú lẹ́tà bíi 16 tó ṣíwájú rẹ̀ àti 16 tó tẹ̀ lé e. Torí náà, ẹ lè fi ìlà mẹ́wàá kún òkè rẹ̀, á ṣì rí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àkọlé náà lọ sínú fáìlì mìíràn, ibi àtijọ́ ló máa padà sí. Iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ sì máa ń ṣí lọ: bó bá ti parí, mo ń gbé e lọ sínú fáìlì ti ọdún. Fún irú ìyẹn, mi ò lo àmì. Mo fi ìlà méjì yìí kún init.el:

(require 'org-id)
(setq org-id-link-to-org-use-id t)

Lórí àkọlé iṣẹ́ náà, mo tẹ Alt-x, mo kọ org-store-link. Org á fún àkọlé yẹn ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó máa bá a lọ síbi yòówù tí mo bá gbé e sí. Mo wá lọ sí òkè ìwé, sábẹ́ àkọlé kan tí mo pè ní Ẹnu Ọ̀nà, mo tẹ Ctrl-c Ctrl-l, mo mú un, ó sì di ìjápọ̀ (link) tó ń lọ sórí àkọlé náà. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ń tò sí. Ctrl-c Ctrl-o ń wọlé, Ctrl-c & ń dá mi padà sẹ́nu ọ̀nà. Àmì kan ṣoṣo, enu-ona, ló tó fún gbogbo wọn.

Bí ẹ bá ń dà á kọ sórí fláàṣì, ẹ má da adire.org nìkan kọ. Ẹ da fáìlì bookmarks tó wà nínú ~/.emacs.d, ibi tí àwọn àmì wà, kọ pẹ̀lú. Lórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi, ibi tí ìwé wà yàtọ̀ sí tèmi, gbogbo àmì ò sì mọ ibi tí wọ́n máa lọ. Mo ṣí lísìtì, mo tẹ R ńlá lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ibi tuntun hàn wọ́n.