Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Àdúgbò Dáadáa Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé l'Adó-Èkìtì

"Àǹtí, ṣé kò sí àwọn màlà níbẹ̀?"

Kí oníbàárà mi tó béèrè iye owó ilé, kó tó béèrè omi, ìbéèrè yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tí mo ti ń bá èèyàn wá ilé l'Adó, láti Baṣìrì dé Ajílósùn, láti Adébáyọ̀ dé Òkèṣà. (Ulé là ń pe ilé l'Èkìtì wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ ọ́ bí gbogbo Yorùbá ṣe máa kà á.) Láyé àtijọ́, èmi náà á yára dáhùn pé, "Rárá o, ọmọ wa nìkan ló wà níbẹ̀." Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sanwó. Mo rò pé mo ti dá a lóhùn ọ̀rọ̀ ààbò.

Obìnrin kan, tíṣà, ló là mí lójú. Ilé méjì ni mo mú un lọ wò. Ọ̀kan wà nítòsí ìkóríta kan tí àwọn ọmọ Haúsá ń gbé ọ̀kadà sí, tí ẹlẹ́ran súyà wà, tí ṣúmékà kan sì ń jókòó lábẹ́ agboòrùn. Èkejì wà ní kọ̀rọ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́, géètì rẹ̀ ga, ọmọ Èkìtì sì ni gbogbo ará ilé. Èmi ni mo ní kó gba ti kọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta kò pé tí wọ́n fi kó jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ àti sílíńdà gáàsì lọ. Ẹnikẹ́ni kò fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó kó o ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹbí onílé ni. Ìkóríta tí mo ní kó sá fún, ẹlẹ́ran kì í paná níbẹ̀ títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Ta ni yóò gbé jẹnẹrétọ̀ kọjá níwájú gbogbo ojú yẹn?

Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mú bébà. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ti gbọ́ nípa àdúgbò náà sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, àti ilé tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Èyí tó bá jẹ́ "wọ́n ní" lásán, ẹ fàlà sábẹ́ rẹ̀. Ó lè má jẹ́ irọ́, ẹ ṣáà máa wádìí rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ti gbọ́ ọ̀kan tó ní àwọn agbébọn ti wọ Ìjìgbò l'Adó níbí, nígbà tí èmi fúnra mi wà ní Ìjìgbò tí mo ń ra bọ́ọ̀lì.

Mi ò ní kí ẹ má bẹ̀rù o. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì nílẹ̀ Èkìtì yìí, lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì lọ́nà Ẹmùré. Èmi náà ò sùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀: ojú ọ̀nà tó gba inú igbó, láàárín ìlú sí ìlú. Ẹ wá wo ibi tí a gbé ẹ̀rù náà lé: orí ọmọkùnrin tó ń gé èékánná kiri l'Òkèṣà. Lọ́sẹ̀ yẹn, onílé mẹ́ta pè mí pé mi ò gbọdọ̀ mú Haúsá tàbí Fúlàní wá. Ọ̀kan fi Ìgbìrà kún un. Òmíràn fi Àgàtú kún un. Àgàtú tó ń bá wa kọ ebè iṣu tí a fi ń gún iyán!

Ẹ̀rù ojú ọ̀nà, ẹ fi ọgbọ́n ojú ọ̀nà tọ́jú rẹ̀: ẹ má rìnrìn-àjò alẹ́, ẹ bi àwọn awakọ̀ léèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ilé ní tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́, iná àti aládùúgbò ni oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á lé ṣúmékà lọ, á sì gbàgbé láti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Ẹ lọ wo àdúgbò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀sán gangan ni àwa èjẹ́ńtì máa ń mú èèyàn lọ wo ilé, ẹ bi ara yín ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ padà lọ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn ọmọ ń lọ sílé-ìwé. Ẹ tún lọ ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, ó sì dáa jù bó bá jẹ́ ọjọ́ tí kò sí iná. Ẹ wo ilé tí wọn ò tíì parí, tí igbó ti hù nínú rẹ̀. Ẹ yọjú wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án, bí ẹ bá rí páálí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ àti eérú iná, a jẹ́ pé ẹnì kan ń sùn síbẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Ẹ wo bóyá àwọn obìnrin ń dá rìn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ìbéèrè ńkọ́? Ẹ má béèrè pé, "Ṣé ibí dáa?" Kò sí ọmọ Èkìtì tí yóò ba àdúgbò rẹ̀ jẹ́ lójú àlejò. "Kò séwu" ni wọn ó wí. Ẹ lọ bá ìyá tó ń dín àkàrà nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ra àkàrà, ẹ má fẹnu lásán bi í. Kí ẹ wá ní, "Ìyá, kí ni wọ́n jí gbẹ̀yìn níbí?" Kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ ó gbọ́ ti bátìrì sólà, ti ẹ̀rọ tó ń fa omi, ti ewúrẹ́. Ẹ béèrè ọ̀nà tí olè gbà wọlé, àti bóyá wọ́n mú un. Ẹ bi èèyàn mẹ́ta tí kì í jókòó pọ̀, kí mẹ́gáàdì sì wà nínú wọn. Òun ló ń jí lóru, ó mọ aago tí ajá máa ń gbó.

Èyí tó le jù ni kí ẹ yẹ ara yín wò. Bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà bá jókòó sí ìkóríta, ẹ bi ara yín pé: ká ní Èkìtì ni wọ́n ń sọ, ṣé àyà mi á já bẹ́ẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, èdè wọn lẹ ń bẹ̀rù, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan nípa àdúgbò náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní èyí. Ó wà ní Baltimore, l'Amẹ́ríkà, ó sì ń wá ilé. Ó bi èjẹ́ńtì ibẹ̀ léèrè bóyá ààbò wà ní àdúgbò kan, obìnrin náà ní òun ò lè sọ, kó lọ wo àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Mo ní ọ̀lẹ ni. Ó ní, "Rárá, ẹ̀yin Àǹtí, òfin ni wọ́n ń ṣọ́ra fún." Láti 1968 ni òfin wọn ti kọ̀ ọ́ pé kí ẹni tó ń talé tàbí tó ń fi ilé háyà máa tìtorí àwọ̀ darí èèyàn sí àdúgbò kan, kó sì máa lé e kúrò ní òmíràn. Ohun tó fà á pọ̀: láàárín ọdún 1930 sí 1940, àjọ ìjọba kan fi ọ̀dà pupa kun àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú lórí máàpù pé ewu ni láti yáni lówó ilé níbẹ̀. Ó tún sọ ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ méjì, Lincoln Quillian àti Devah Pager, gbé jáde ní 2001, lórí Chicago, Seattle àti Baltimore náà. Bí ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú bá ṣe pọ̀ tó ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ làwọn ará ibẹ̀ ń rò pé ìwà ọ̀daràn pọ̀ tó, kódà bí iye ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò bá ju ti ibòmíràn lọ.

Mo ní, "Ìwọ náà ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, èmi gan-an ni wọ́n ń wò. Bí mo bá dúró de bọ́ọ̀sì lálẹ́, obìnrin á gbé báàgì rẹ̀ sí apá kejì." Ọmọ tó ń kọrin kwáyà nílé wa níbí, tí kò lè pa adìyẹ! Òun ni màlà tiwọn.

Ó kù díẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé, iye tí wọ́n ń dá fún ọdẹ alẹ́, àti ẹni tó ní nọ́ńbà ọlọ́pàá àti ti Amọ̀tẹ́kùn lọ́wọ́. Bí èèyàn mẹ́ta bá fún yín ní ìdáhùn mẹ́ta, kò sí ètò níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ fún onílé pé ọjọ́ tí ẹ bá kó wọlé lẹ ó pààrọ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́, òun ò sì ní ní ẹ̀dà rẹ̀. Bó bá ní òun ò gbà, ẹ wá ilé mìíràn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ kí gbogbo ará ìkóríta láti ọjọ́ kìíní. Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n o. Àwọn ọlọ́kadà tí mo wí yẹn máa ń pariwo, wọ́n sì ti jà níbẹ̀ rí, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá fẹ́ ariwo.

Tíṣà yẹn kó lọ sí ilé ìtòsí ìkóríta yẹn nígbà tí owó ilé rẹ̀ tán. Bí oníbàárà bá sì bi mí báyìí pé ṣé kò sí màlà níbẹ̀, mo máa ń ní, "Wọ́n wà níbẹ̀ dáadáa. Èyí tó ń ta súyà kì í tètè palẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ ná, ká tó lọ wo ilé."