Kí Oògùn Oyún Tó Wọ Ẹnu, Ẹ Mọ Ohun Tó Ń Dí Oyún Lọ́wọ́

Obìnrin tí kò tíì pé ọdún 35, tó ti ń bá ọkọ rẹ̀ sùn déédéé fún oṣù 12 láìsí ìfètòsọ́mọbíbí, tí kò sì lóyún, àsìkò tó kó lọ rí dókítà. Ẹni tó bá ti pé 35, oṣù 6 ti tó. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé kò gbọdọ̀ dúró rárá.

Ohun tó ń dunni jù ni obìnrin tó ń gbé oògùn ẹyin mì láti oṣù dé oṣù, nígbà tó jẹ́ pé túùbù, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sínú ilé ọmọ, ló dí, tàbí pé àtọ̀ ọkọ ni kò dára. Oògùn ẹyin kì í ṣí túùbù. Àyẹ̀wò mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ti ọkọ ló yá jù: kó yẹra fún obìnrin fún ọjọ́ 2 sí 7, kí àtọ̀ rẹ̀ sì dé yàrá àyẹ̀wò láàárín wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹyin jáde. Ọjọ́ 7 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé ni wọ́n ń gbà á. Ọjọ́ 21 tí wọ́n sábà máa ń pè wà fún ẹni tó ń rí nǹkan oṣù ní ọjọ́ 28 síra. Bí tiyín bá jẹ́ ọjọ́ 35, ọjọ́ 28 ni kí ẹ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì lè sọ pé ẹyin kò jáde nígbà tó jẹ́ pé ó ń jáde. Ẹ̀kẹta ni ẹ́síréè túùbù, tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá, kí ẹyin tó jáde. Bó bá sọ pé ìdí túùbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ ló dí, iṣan tó sún kì lásán lè fà á, ẹ ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Bó bá jẹ́ ẹyin ni kì í jáde, bíi ti PCOS (àìsàn họ́mónù tí kì í jẹ́ kí ẹyin jáde déédéé), oògùn letrozole ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀: 2.5 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta nǹkan oṣù. Bí ẹyin kò bá dàgbà, dókítà lè gbé e sí 5 mg, tàbí 7.5 mg. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi síkáànù wò ó. Bí ẹyin tó ń dàgbà bá tó mẹ́ta, ẹ má ṣe bá ara yín sùn lóṣù yẹn, nítorí oyún ìbẹta léwu fún ìyá àti ọmọ. Bó bá jẹ́ prolactin, họ́mónù tó ń mú omi ọmú wá, ló ga, cabergoline ni oògùn rẹ̀.

Ti túùbù tó kún fún omi ló ṣòro gbọ́ jù. Dókítà lè ní kí wọ́n yọ ọ́ tàbí kí wọ́n dí i pa kí IVF (kí wọ́n fi àtọ̀ sọ ẹyin di ọlẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n tó dá a padà sínú ilé ọmọ) tó bẹ̀rẹ̀. Ìkà kọ́: omi yẹn máa ń ṣàn padà sínú ilé ọmọ, ó sì lè má jẹ́ kí ọlẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ti ìju, èyí tó yọ sínú ilé ọmọ ló sábà ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe gbogbo ìju.

Nínú IVF, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ tó ń mú ẹyin dàgbà máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 14. Nígbà tí àpò ẹyin bá tó nǹkan bí mílímítà 18, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó, wọ́n á sì kó ẹyin ní wákàtí 34 sí 36 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ yìí pẹ́ o. Bó bá yẹ̀, ẹyin lè ti jáde lọ kí wọ́n tó débẹ̀. Ọjọ́ 3 tàbí ọjọ́ 5 lẹ́yìn tí wọ́n bá kó ẹyin ni wọ́n ń dá ọlẹ̀ padà sínú ilé ọmọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, bí ikùn bá wú, tí èébì kò dá, tí ìtọ̀ dín kù, tàbí mímí nira, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tètè ṣe àyẹ̀wò oyún, nítorí abẹ́rẹ́ tó mú ẹyin gbó náà lè mú kó sọ pé oyún wà nígbà tí kò sí. Bí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá sì yọ kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, ẹ pe dókítà, ẹ má ṣe dá progesterone, oògùn tó ń gbé oyún ró, dúró fúnra yín.