Ẹ Yé Da Hypo Sórí Ìdọ̀tí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtọ́jú Máàtì Júdò àti Karatè

Owó kékeré kọ́ ni àwọn tó ń ṣí ilé ìdárayá júdò, karatè àti taekwondo ní Òṣogbo ń ná sórí máàtì. Ó dunni púpọ̀ pé kí ọdún tó yípo, rọ́bà ojú rẹ̀ á ti sán, làpálàpá á sì ti máa gba ara ọmọ kan bọ́ sí ara ọmọ kejì. Wọ́n kì í ṣe ahun o. Wọ́n ń ra Hypo, wọ́n ń ra Izal, wọ́n ń ra ọṣẹ olóòórùn dídùn. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni kò dáa.

1. Wíwọ bàtà gun máàtì. Ẹnu ọ̀nà ni bàtà ń gbé. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

2. Fífi ẹsẹ̀ lásán lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n sì tún fi ẹsẹ̀ yẹn padà sórí máàtì. Ẹ to sílípáàsì sí etí máàtì, kí ẹni tó bá ń jáde wọ̀ ọ́. Owó sílípáàsì kò tó owó oògùn làpálàpá.

3. Dída Hypo sórí ìdọ̀tí. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Òógùn, òróró ara, irun àti eruku ló wà lójú máàtì lẹ́yìn ìdárayá. Bí ẹ bá da Hypo lé e, ìdọ̀tí yẹn ló máa jẹ agbára rẹ̀ tán kó tó kan kòkòrò. Òórùn á gba gbogbo ilé, ojú á máa ta àwọn ọmọ, kóòṣì á ní ilé ti mọ́. Kòkòrò wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbá a. Nígbà ọyẹ́, tí eruku pupa bá wọlé láti ojú títì, ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún dípò ìgbálẹ̀, nítorí ìgbálẹ̀ á kàn gbé eruku náà sókè ni, á sì tún bà lé máàtì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi omi mìíràn ṣan ọṣẹ náà kúrò. Ìgbà yẹn ni Hypo tó kàn. Bí ara ìgò bá kọ 3.5%, ìyẹn bí Hypo inú rẹ̀ ṣe le tó, ẹ fi ìdajì ìgò ike 60cl, ìyẹn 30cl, sínú omi lítà 10. Omi tútù ni o, torí omi gbígbóná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi í pa ojú máàtì, kó wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 10 gbáko, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi lásán nù ún kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù. Bó bá di ọjọ́ kejì, agbára rẹ̀ ti dín kù.

Àwọn kan gbà pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dáa tó, wọ́n á da ìgò odidi sínú garawa kan. Rọ́bà ojú máàtì á gbẹ, á máa sán wẹ́wẹ́, òógùn á sì gba ojú ibi tó sán wọ inú fóòmù. Kò sí ọṣẹ tó lè bá a débẹ̀ mọ́. Máàtì tuntun ló kù láti rà.

Ohun kan tún wà tó léwu: ẹ má ṣe po Hypo pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ-ṣáláńgá olómi kíkan, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Gáàsì klórínì ló máa jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má pò ó mọ́ Izal náà. Ọ̀kan tó.

Mọ́ọ̀pù ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n tún ń gbé wá sórí máàtì! Ẹ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Garawa méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, ìkejì fún fífún mọ́ọ̀pù. Bí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ garawa mọ́, ẹ pààrọ̀ omi. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fọ mọ́ọ̀pù náà, kí ẹ gbé e kọ́ sóòrùn pẹ̀lú orí rẹ̀ lókè. Mọ́ọ̀pù tó sùn sínú garawa omi mọ́jú, òun fúnra rẹ̀ ti di ilé kòkòrò.

Ẹni tó ń lo máàtì onífóòmù eléyín, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi eyín etí rẹ̀ so ẹyọ kan mọ́ èkejì, ẹ má fi omi kún un bí ẹni ń fọ ilẹ̀. Ẹ tú ẹyọ kan tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, kí ẹ wo eyín rẹ̀: ìlà dúdú, irun àti iyanrìn tó ti lẹ̀ pọ̀, sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ sì tutù. Ojú àlàfo wọ̀nyẹn ni omi ń gbà wọlẹ̀, kì í sì í rí ọ̀nà jáde. Mọ́ọ̀pù tí ẹ ti fún dáadáa ni kí ẹ lò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ tú u, ẹ gbá abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti ògiri títí yóò fi gbẹ. Ìbòòji ni kí ẹ ti sá a. Oòrùn gan-gan máa ń sún un kì, eyín rẹ̀ kò sì ní wọnú ara wọn mọ́. Nígbà òjò, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ tan fáànù bí iná bá wà. Bí kò bá sí, àárọ̀ ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kì í ṣe alẹ́ tí ẹ máa tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kẹrosíìnì tí àwọn kan fi ń nu ilẹ̀ kó lè dán, ẹ má gbé e súnmọ́ máàtì rárá. Ó ń jẹ rọ́bà, ó sì ń yọ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sílẹ̀, ẹ dá ìdárayá dúró níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi ìwé ìnuwọ́ gbá ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, kí ẹ wá da Hypo ìpín 1 sí omi ìpín 6 sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó nù ún.

Ìtọ́jú máàtì nìkan kò sì lè tó bí ẹ bá ń gba ẹni tó ní làpálàpá láyè sórí rẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ lè wà lára irun àti èépá tó já sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ máa wo ọrùn, apá àti orí àwọn ọmọ kí wọ́n tó gun máàtì. Nínú ìjàkadì ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní i lára gbọ́dọ̀ ti lo oògùn fún ó kéré tán wákàtí 72 kó tó padà. Bó bá jẹ́ orí ni, ọjọ́ 14. Ẹ lo òfin yẹn níbí náà, kí ẹ sì sọ fún òbí ọmọ ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n bá dójú tì á máa fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ ni.