Ọ̀dà kọ́ ni mọ́tò: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí ẹ bá fẹ́ ra muscle car Amẹ́ríkà tí wọ́n tún ṣe

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston pè mí láàjìn. Ó ti rí ọkọ̀ tó ń wá láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀: Chevelle SS 454 ọdún 1970, pupa bí osùn, ìlà dúdú méjì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń tà á ní gbogbo rẹ̀ ni òun tú palẹ̀ tí òun sì tún tò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gbọ́n ti fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà la tó mọ̀ pé Malibu lásán, ìyẹn Chevelle tí kì í ṣe ti SS alágbára, tí wọ́n lẹ àmì SS mọ́ ni, àti pé pọ́tì tó nípọn bí àtàǹpàkò ló wà lábẹ́ ọ̀dà pupa yẹn.

Láti ìgbà náà, mo ti bá àwọn èèyàn wa lọ wo irú ọkọ̀ yìí ní Texas àti ní Georgia, àṣìṣe kan náà ni mo sì ń bá pàdé. Mo fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ yìí púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí owó bá ṣòfò lé wọn lórí.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí: ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí kò tóbi jù, tí àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ki ẹ́ńjìnì V8 ńlá bọ inú rẹ̀, ni muscle car. Pontiac GTO ọdún 1964 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí bàbá wọn. Nígbà tó fi di 1970, Chevrolet ti ń fi ẹ́ńjìnì 454 (ìwọ̀n rẹ̀ ní íǹṣì onígun mẹ́ta nìyẹn) sínú Chevelle. Èyí tó le jù nínú wọn, LS6, ní agbára ẹṣin 450 lórí ìwé.

Ẹ má fi ojú nìkan rà á

Bí mo bá bá muscle car méjì lórí ìdúró, tí ọ̀kan ti ṣá, tí ibi tó ti dógùn-ún hàn sí gbogbo ayé, tí èkejì sì ń dán bíi dígí, èyí tó ń dán ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìpẹtà tí mo fojú rí, mo lè díye lé e. Èyí tí wọ́n fi pọ́tì àti ọ̀dà bò mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè díye lé e. Òfin kan kò sì sọ ohun tí "restored" inú ìpolówó gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí. Ẹnìkan tú ọkọ̀ náà títí ó fi ku ṣásí lásán, ó pààrọ̀ irin tó jẹrà, ó jó tuntun mọ́ ọn, ó sì tún gbogbo rẹ̀ tò. Ẹlòmíràn fi sáńpépà ha á fún ọjọ́ méjì, ó fọ́n ọ̀dà sí i, ó rán awọ tuntun sí àga. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì máa kọ.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Láàárín ọdún kan sí méjì, omi á gba ẹ̀yìn pọ́tì wọlé, ọ̀dà á sì máa lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Nítorí náà, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e kó má ha ọ̀dà, ẹ sì máa gbé e kiri ara ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ara, kì í ṣe irin ló wà níbẹ̀. Lára Chevelle, ẹ tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ilẹ̀ búùtù, àti igun méjèèjì lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Bí òrùlé rẹ̀ bá ní ìbòrí vinyl (awọ oníke), ẹ túbọ̀ fura, torí abẹ́ rẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí.

Ti Mustang, ọkọ̀ Ford, yàtọ̀. Níwájú gíláàsì iwájú rẹ̀ ni ihò atẹ́gùn wà, ibẹ̀ sì ni òjò máa ń gbà jẹ irin láti inú, níbi tí ojú kò tó. Ẹ da ife omi díẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọwọ́ yín bá tutù, ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ti ń jẹrà nìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré, nítorí Mustang kò ní ṣásí tó dá dúró bíi ti Chevelle. Ara ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni egungun rẹ̀.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pẹ̀lú pé ibo ni ọkọ̀ náà ti gbé ayé. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní Michigan àti Ohio nígbà yìnyín ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ti Arizona, oòrùn lè ti ba àga àti rọ́bà rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ á ṣì gbó kekeke.

Ẹ má gba àmì ara ọkọ̀ gbọ́

Ibí yìí ni owó ńlá ti ń sọnù. Àmì SS, ọjà lásán ni. Ẹnikẹ́ni lè rà á kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fẹ́ndà. Ìyàtọ̀ iye tó wà láàárín Malibu àti SS tòótọ́ pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ̀kan di èkejì.

Àṣìṣe ẹ̀gbọ́n mi ni pé ó rò pé nọ́ńbà ṣásí máa sọ òtítọ́ fún òun. Ti Chevelle 1970 kò lè sọ ọ́, torí àfikún ni SS jẹ́ lọ́dún náà. Nọ́ńbà Malibu V8 ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. GTO 1964 àti 1965 náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1966 títí dé 1971, 242 ni nọ́ńbà GTO fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà mìíràn lára èyí tí wọ́n ń pè ní GTO 1967, ẹ máa bá tiyín lọ. Ti Mustang, àmì karùn-ún ni ẹ́ńjìnì: K lára ti 1965 túmọ̀ sí 289 alágbára ẹṣin 271. Lára Dodge àti Plymouth 1970, R ní ipò karùn-ún ni ẹ́ńjìnì 426 Hemi. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìwé. PHS (Pontiac Historic Services) ní àkọsílẹ̀ Pontiac lọ́wọ́, ó sì lè fún yín ní ẹ̀dà bí ọkọ̀ náà ṣe jáde nílé iṣẹ́. Marti Report ń ṣe irú rẹ̀ fún Ford láti 1967 síwájú. Owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọkọ̀. Kò sí irú rẹ̀ fún Chevrolet tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà náà, ìdí nìyẹn tí build sheet fi níye lórí. Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fi ń mọ ohun tí wọ́n máa tò sí ọkọ̀ ni. Wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ lórí táńkì epo tàbí sáàárín ìrin àga. Ẹ̀dà ayédèrú rẹ̀ wà lọ́jà o. Ìwé tó lo àádọ́ta ọdún lórí táńkì epo kò lè mọ́ tónítóní.

Ẹ tẹ̀ba wo ẹ́ńjìnì Chevrolet fúnra rẹ̀. Níwájú orí sílíńdà apá ọ̀tún, ojú irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Bí ẹ bá rí T0212CRV, T ni ilé iṣẹ́ Tonawanda ní New York, 0212 ni ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, CRV sì ni LS6 onígíà ọwọ́. Apá kan nọ́ńbà ṣásí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kó sì bá ti dáṣíbọ́ọ̀dù mu. Ọjọ́ tí wọ́n da irin ẹ́ńjìnì wà lára rẹ̀, oṣù ni wọ́n fi lẹ́tà kọ, A fún oṣù kìíní. Ọjọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n to ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì kì í jẹ́ àbúrò ọkọ̀ tó gbé e. Ojú irin yẹn máa ń ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín láti ilé iṣẹ́. Bó bá ń dán bí awo, tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ wọ́, ẹnìkan ti fá a tó sì tún un tẹ̀.

Èmi kò sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bíi SS burú. Ó lè dùn ún wà ju ojúlówó lọ, ọkàn ẹni á sì balẹ̀ láti gbé e jáde. Kí ẹ san owó ojúlówó fún un ló burú. Owó Malibu ni ẹ̀gbọ́n mi ta tirẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì sọ òtítọ́ fún ẹni tó rà á.

Ohun kan wà tí mi ò ní bá yín dúnàádúrà lé lórí: nọ́ńbà ṣásí ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ọkọ̀ mu, lẹ́tà fún lẹ́tà, kí orúkọ ara ìwé sì jẹ́ ti ẹni tó ń tà á fún yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka mímọ̀-ọ́n-mọ̀ yí nọ́ńbà ọkọ̀ padà sí ìwà ọ̀daràn. Bí ìṣó tó di àwo nọ́ńbà náà mú bá dà bíi pé wọ́n ti yọ ọ́ rí, ẹ má fọwọ́ kan owó yín.

Ẹ má ná gbogbo owó tán lọ́jọ́ tí ẹ rà á

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ṣáájú 1967, ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi bíréèkì ń gbà dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí rọ́bà kan bá bẹ́, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ papọ̀. Ẹ yí i sí ọlọ́nà méjì kí ẹ tó gbé ọmọ sínú rẹ̀. Táyà náà ńkọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2313 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2013. Bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ga, rọ́bà tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá kò yẹ lójú títì.

Ethanol inú epo òde òní ń jẹ rọ́bà àtijọ́, nítorí náà ẹ wo gbogbo ọ̀nà epo láti táńkì dé kábúrétọ̀. Jíjò díẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná ni iná. LS6 tí ìfúnpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11.25 sí 1, epo olójé ni wọ́n ṣe é fún, kò sì sí èyí ní ilé epo mọ́. Ẹ béèrè ohun tí ẹni tó tún un ṣe fi rọ́pò. Íńṣọ́ránsì, ẹ wá èyí tí ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ náà ti jọ fẹnu kò sí iye rẹ̀ ṣáájú. Íńṣọ́ránsì lásán lè sọ pé ọkọ̀ ogbó ni.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá sí Èkó, kó kọ́kọ́ lọ bá aṣọ́bodè. Òfin Nàìjíríà ní iye ọdún tí ọkọ̀ àlòkù kò gbọ́dọ̀ kọjá, ọkọ̀ 1970 sì ti kọjá rẹ̀ tipẹ́.

Kí ẹ tó lọ wo ọkọ̀ èyíkéyìí, ẹ pe ẹni tó ń tà á, kí ẹ ní kó má ṣe tan án kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnì tó tutù ló máa ń sọ àṣírí: èéfín aláwọ̀ búlúù, ìró bíi ti alágbẹ̀dẹ, kábúrétọ̀ tí kò fẹ́ jí. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kí onílé, kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ọkọ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ fẹ́ lọ jẹun, ẹ máa padà wá nírọ̀lẹ́.