Bí A Ṣe Ń Dí Òrùlé Páànù Tó Ń Jò

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, páànù ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ti dípẹtà, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti rọ̀, abọ́ ni a máa ń gbé kiri inú yàrá. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀gangan ibi tí omi ti ń kán ni páànù ti lu, nítorí omi a máa tọ ara igi òrùlé wá láti òkè kí ó tó já bọ́. Ní ọ̀sán tí oòrùn mú, ẹ gun inú àjà, kí ẹ pa iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú ihò wọlé bí abẹ́rẹ́. Ẹ ki koríko tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ lè dá a mọ̀ láti òkè.

Ojú ìṣó ló sábà máa ń jò jù. Bí ìṣó bá ti tú, ẹ má kàn án padà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi èyí tó gùn jù ú lọ, tó ní róbà lábẹ́ orí, rọ́pò rẹ̀. Ibi tí páànù ti yọrí sókè ni a ń kan ìṣó sí, kì í ṣe kòtò tí omi ń gbà.

Èmi kò fara mọ́ sìmẹ́ǹtì tí àwọn kan fi ń dí ihò, nítorí páànù a máa fẹ̀ nínú oòrùn, a sì máa sún kì nínú òtútù, sìmẹ́ǹtì yóò sì là. Ẹ ha ìpẹtà kúrò, ẹ fi ọ̀dà dúdú, irú èyí tí a ń dà sójú títì, lẹ aṣọ mọ́ ọn, kí ẹ tún kun ọ̀dà lé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gun òrùlé tó tutù. Ìlà ìṣó ni kí ẹ máa tẹ̀, nítorí igi wà lábẹ́ rẹ̀.