Àtẹ̀gùn ilé mi ló bá mi yan kẹ̀kẹ́ oníná

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì 122 láti Plumstead lọ sí Eltham, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru. Ọ̀nà náà kò jìn rárá, bíi kìlómítà 6 ni. Àárọ̀ ni wàhálà wà. Bí mo bá jáde níbi iṣẹ́ láago mẹ́jọ, àwọn ọmọ ilé-ìwé á ti kún inú bọ́ọ̀sì fọ́fọ́, èmi tí mo ti wà lórí ìdúró látòru á tún wà lórí ìdúró. Nígbà mìíràn bọ́ọ̀sì méjì á kọjá lójú mi láìdúró. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún 2025, ẹ̀kẹta náà kò dúró. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ò ṣàjèjì sí mi. Bàbá àgbà mi ní Ìsẹ́yìn ní Raleigh dúdú kan tí wọ́n máa ń nù bí ẹni ń nu àwo ìjẹun, èmi ni mo sì máa ń jókòó sórí kárìà rẹ̀ lọ sóko. Òkè ni mi ò mọ̀. Ìsàlẹ̀ Plumstead ni mò ń gbé, Shooters Hill sì wà láàárín wa àti Eltham, ọ̀kan lára ibi tó ga jù ní London, mítà 132. Ojú títì tí mò ń gbà ò gun dé ṣóńṣó rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbà kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ náà tó í fìyà jẹ èèyàn. Mo yá kẹ̀kẹ́ ọmọ mi lọ́jọ́ kan láti fi dán ọ̀nà náà wò. Kí n tó dé Plumstead Common rárá, mo ti sọ̀kalẹ̀, mò ń tì í bí ẹni ń ti ọmọlanke. Mo dé ibi iṣẹ́ bí ẹni tó wẹ̀ láìbọ́ṣọ.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bi nípa kẹ̀kẹ́ oníná ni àbúrò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má lọ sọ owó yín nù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo èyí." Ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀: wátì 1000, táyà rẹ̀ sanra kìtì, £650, wọ́n á gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Èèyàn ò tilẹ̀ ní í tẹ pẹ́dàlì, kó ṣáà yí ọwọ́ rẹ̀ bíi ti ọ̀kadà ni. Mo ti ń wá káàdì mi nínú báàgì nígbà tí ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ di ọlọ́kadà ni? Ọlọ́pàá á gbà á lọ́wọ́ yín." Inú kọ́kọ́ bí mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá jókòó ka òfin náà fúnra mi.

Òfin ọ̀hún ò le yé. Kẹ̀kẹ́ oníná tí wọ́n máa kà sí kẹ̀kẹ́ lásán gbọ́dọ̀ ní pẹ́dàlì tó ń ṣiṣẹ́, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju wátì 250, ẹ́ńjìnnì náà sì gbọ́dọ̀ jáwọ́ bí eré bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan, ìyẹn kìlómítà 25. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14 lè gùn ún láìní láísẹ́ńsì, láìní ìnṣọ́ránsì, láìsan owó-orí ọkọ̀. Èyí tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, alùpùpù ni lójú òfin: ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, ẹni tó ń gùn ún gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì àti ìnṣọ́ránsì. Èyí tí àbúrò wa fi hàn mí, ọ̀kadà tí kò ní nọ́ńbà ni. Mo sì ń fi aṣọ ìtọ́jú arúgbó rin ìlú. Ẹjọ́ ọlọ́pàá ò yẹ mí.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2025, kẹ̀kẹ́ oníná kan gbiná ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Rayners Lane. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ ní London ti fòfin de gbogbo kẹ̀kẹ́ oníná nínú ọkọ̀ wọn, àfi èyí tó bá ṣe é ká. Èyí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí mo ti ń rò ó pé màá máa gbé tèmi wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line lọ bá àǹtí mi ní Reading. Mo lọ dán oníkíká wò. Táyà rẹ̀ kéré, mo dà bí àgbàlagbà tó gun kẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Àǹtí mi ní kí n máa dá ara mi nìkan wá.

Níbi iṣẹ́, ẹnì kan sọ fún mi pé ètò kan wà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1999: agbanisíṣẹ́ á ra kẹ̀kẹ́, wọn á máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó-orí. Láti 2019 ó ti rọrùn láti fi ra èyí tó ju £1,000 lọ, tó fi mọ́ oníná. Inú mi dùn. Mo kọ fọ́ọ̀mù. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé yíyọ owó náà ò gbọdọ̀ já owó oṣù èèyàn sábẹ́ iye tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san, bẹ́ẹ̀ orí iye yẹn gan-an ni tèmi wà. Kò sí nǹkan tí wọ́n lè yọ. Ọ̀gá wa tó ń wọ mọ́tò wá síṣẹ́ lè gbà á. Àwa tí a ń lé bọ́ọ̀sì kiri ò lè gbà á. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pe olórí àjọ wa. Àwa obìnrin mẹ́wàá ló ń dá a, £200 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kó tèmi lóṣù Kẹfà dípò oṣù Kẹwàá. Ó gbà.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo lọ. Ní ti àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà ò wojú mi, ọmọ mi ló ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni owó wà lọ́wọ́ mi. A jáde.

Ní ẹ̀kejì, òyìnbó àgbàlagbà kan gbé méjì síta pé kí n gùn wọ́n wò. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ £1,150, àárín táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ohun tí ẹ́ńjìnnì yìí ń ṣọ́ ò ju bóyá pẹ́dàlì ń yí lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó já lọ lójijì bí ìgbà tí ẹnì kan bá tì mí láti ẹ̀yìn. Mo dá ẹsẹ̀ dúró, ó tún lọ díẹ̀ sí i. Ní pẹrẹsẹ kò burú. Àmọ́ òkè kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Bí eré ṣe dín kù lórí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, tí èmi náà ń bá a kérora.

Èkejì jẹ́ £2,400. Ìdí pẹ́dàlì gan-an ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà, ó sì ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe le tó. Mo rọra tẹ̀ ẹ́, ó rọra ràn mí lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, òun náà múra sí i. Agbára rẹ̀ ń gba ara ṣéènì kọjá, nítorí náà bí mo bá ti já gíà wálẹ̀, ara ń tu ẹ́ńjìnnì náà bó ṣe ń tu ẹsẹ̀ mi. Mo gun òkè yẹn tán, mo ṣì ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Bàbá yẹn ní tó bá jẹ́ ti òkè, kí n má wo wátì, torí 250 ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn; Nm ni kí n máa wò, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 40, ti èkejì jẹ́ 60. Ojú mi ò kúrò lára èkejì mọ́.

Àfi bó ṣe bi mí pé, "Níbo lẹ máa máa gbé e sí?"

Mo ní ilé. Ó ní àjà kelòó? Mo ní ẹ̀kẹta. Ṣé lífítì wà? Kò sí. Ó ní kí n gbé e nílẹ̀ kí òun rí i. Kìlò 25 ni. Mo gbé e, mo sì tètè gbé e kalẹ̀.

Mi ò lè fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn tó ni ilé wa ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan sí ọ̀ọ̀dẹ̀, torí ibẹ̀ lèèyàn máa gbà sá jáde bí iná bá sọ. Tó bá sì di ti ìta, ẹ̀yin náà mọ Plumstead. Lọ́nà ilé mo yà ra ìrẹsì, àpò 20 kìlò. Ìrẹsì ti tán nílé lóòótọ́, àmọ́ ìdánwò ni mo fẹ́ fi ṣe. Àtẹ̀gùn wa jẹ́ 51. Gbogbo ọdún tí mo ti ń gùn ún, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Mo gbé ìrẹsì náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí ẹni gbé kẹ̀kẹ́, mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dókè, mo bu kìlò méjì kúrò, mo gbé ìyókù sọ̀ kalẹ̀, mo tún gbé e gòkè. Mi ò sinmi. Ọmọ mi ti ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sáwọn àbúrò mi ní Ìbàdàn. Ìyá Onírẹsì ni wọ́n ń pè mí títí di ìsinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí. Kìlò 18 ni agbára mi, mo ti mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹta. Ohun méjì péré ni mo bi wọ́n: ẹ́ńjìnnì ìdí pẹ́dàlì, àti kìlò mélòó bí bátìrì bá kúrò lára rẹ̀? Wọ́n ní ọ̀kan tó ṣẹ́kù lára ọjà ọdún tó kọjá, £1,690, kìlò 20.7 pẹ̀lú bátìrì. Bátìrì náà jẹ́ 2.6, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Irú èyí tí igi àárín rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ni, tí a máa ń pè ní kẹ̀kẹ́ obìnrin nílé, mo lè fi ìró gùn ún. Báyìí, mo máa ń gbé bátìrì àti báàgì mi gòkè ná, màá wá padà wá gbé kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ń já mi láyà díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òru, àmọ́ mò ń gbé e.

Bátìrì yìí ò tóbi, olùtajà sì fẹ́ kí n san owó kún un kí n gba ńlá. Ìṣirò tí mo ṣe nìyí: fọ́ltì 36, Ah (áńpíà-wákàtí) 11, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 396 Wh (wátì-wákàtí) nìyẹn, iye iná tí bátìrì náà lè gbà. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé pé ó lè lọ tó kìlómítà 100. Lórí òkè wa, pẹ̀lú bí mo ṣe wúwo, 45 ni mò ń rí, nígbà òtútù kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kìlómítà 12 ni àlọ àti àbọ̀ mi, ọjọ́ mẹ́ta ni kí n tó ṣáájì. Bátìrì ńlá á kàn fi kìlò kan kún ẹrù tí màá gbé gun àtẹ̀gùn 51 ni. Iná tí ó ń jẹ kó tó kún ò tó pẹ́ńsì 15. Bọ́ọ̀sì jẹ́ £1.75 ní ìwọ̀sẹ̀ kan ní 2025.

Ṣíṣáájì náà ní ìlànà tirẹ̀. Ṣájà tó bá a wá nìkan ni mò ń lò. Lórí ilẹ̀ ilé ìdáná tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì ni mò ń gbé e sí, kì í ṣe lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà tí a máa gbà sá jáde. Wọ́n ní kéèyàn má fi sójú iná kó sì lọ sùn. Tèmi tiẹ̀ yàtọ̀, torí ọ̀sán ni mò ń sùn. Nítorí náà aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fi sí i, nígbà tí mò ń dáná.

Owó tó ṣẹ́kù nínú àjọ ni mo fi ra àṣíborí àti àgádágodo. Mo lọ́ra lórí àgádágodo, torí £80 ni, ó sì wúwo bí irin ọlọ. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n wo àmì Sold Secure lára rẹ̀, èyí tó ń sọ bí àgádágodo ṣe le tó. Bronze ló rẹlẹ̀ jù, Silver, Gold, lẹ́yìn náà Diamond. Mo mú Gold. Ibi iṣẹ́ ni mo ń fi sí, mi ò gbé e gun àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ Sátidé tí mi ò bá ṣiṣẹ́ ni ti fàájì. Ọ̀nà etí odò Thames ni mò ń gbà, láti Thamesmead lọ sí Erith. Kò sí òkè níbẹ̀ rárá, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ Crossness kọjá, níbi tí Joseph Bazalgette kọ́ ilé ẹ̀rọ sí ní 1865 láti máa fa omi ẹ̀gbin London. Ẹ́ńjìnnì onírin mẹ́rin ńláńlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ Ọbabìnrin Victoria àti àwọn ará ilé rẹ̀. Èmi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi orúkọ ọba sọ ẹ̀rọ ìgbọ̀nsẹ̀ rí.

Nítòsí Erith ni táyà ẹ̀yìn mi ti jò lóṣù Kẹsàn-án. Kò sí fọganáísà létí Thames. Mo dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì méjì, táyà já bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sí wáyà kan lára rẹ̀, torí ìdí pẹ́dàlì ni ẹ́ńjìnnì wà. Bí Bàbá ṣe máa ń tú ti Raleigh nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo wá ojú jíjò náà nípa títì í bọ omi odò, mo lẹ̀ ẹ́, mo páǹpù rẹ̀. Ó gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú. Mo ya koríko nu ọ̀rá ṣéènì kúrò lọ́wọ́, mo sì gbọ̀nà ilé.